Ọmọ Mi Ní Eegun Dáínósọ̀ Lòun Fẹ́ Máa Wá: Ṣé Iṣẹ́ Nìyẹn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹja ni mò ń tà lọ́jà Olúwo, l'Ẹ́pẹ́ níbí. Ọmọ mi ọkùnrin wà ní SS2, orí ẹ̀ pé, gbogbo ilé ti gbà pé dókítà ló máa yà. Àfi bó ṣe dédé jókòó tì mí lálẹ́ ọjọ́ kan tó ní eegun dáínósọ̀, àwọn ẹranko ayé àtijọ́ tó ti pa run, lòun fẹ́ máa wá, pé wọ́n ń fi ṣiṣẹ́ jẹun lókè òkun. Bàbá ẹ̀ gbaná jẹ, ó ní ta ni yóò máa sanwó oṣù fún ẹni tó ń ṣa eegun kiri. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé iṣẹ́ gidi ni? Ṣé ọmọ Nàìjíríà lè ṣe é? Ṣé a tiẹ̀ lè rí dáínósọ̀ l'Ẹ́pẹ́? (Ìyá Sodiq, Ẹ̀pẹ́)

Ìdáhùn: Ìyá Sodiq, ẹ kú ọjà, ẹ kú ìnáwó ọmọ. Lẹ́tà yín wọ̀ mí lára gan-an torí iṣẹ́ yẹn lèmi náà ń ṣe, ó ti lé lógún ọdún báyìí, bàbá tèmi náà sì gbaná jẹ nígbà yẹn, ó ju oṣù mẹ́ta lọ tí ò fi bá mi sọ̀rọ̀ tó dán mọ́rán. Iṣẹ́ ni, Màmá. Wọ́n ń kọ́ ọ ní yunifásítì, wọ́n ń gboyè ọ̀mọ̀wé (PhD) lórí ẹ̀, owó oṣù wà nídìí ẹ̀, àmọ́ mi ò ní purọ́ fún yín, kì í ṣe iṣẹ́ tó ń sọ èèyàn dolówó kíá.

Ohun tí bàbá ẹ̀ ò tíì mọ̀ ni pé ṣíṣa eegun yẹn ló kéré jù níbẹ̀. Nínú ọdún kan, bóyá oṣù kan péré la máa lò nínú oòrùn, ìyókù, ìdí tábìlì ni. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe máa ń rí. Ká ní a rí eegun nínú òkúta, a ò kàn ní fà á yọ o, eegun tó ti wà nílẹ̀ látayébáyé á ti sán káàkiri ara, béèyàn bá gbá a mú pẹ́nrẹ́n á rún bíi bisikíìtì. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré àti irin tẹ́ẹ́rẹ́ táwọn dókítà eyín fi ń họ eyín la fi ń tú iyẹ̀pẹ̀ ara ẹ̀, a ó máa kán gúlúù tó ṣàn sí i díẹ̀díẹ̀ kó lè di ara ẹ̀ mú. Lẹ́yìn náà la ó fi tíṣù tó tutù bò ó, a ó ya àpò kòkó sí tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, a ó rì í sínú POP, POP kan náà tí wọ́n fi ń ṣe àjà ilé, tí wọ́n sì fi ń de ẹsẹ̀ tó bá kán ní hòsípítù, a ó wá fi wé e yípo. POP yẹn máa ń gbóná tó bá ń gan. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e tí mo gbọ́ ooru yẹn, ńṣe ló dà bíi pé ẹranko inú ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni. Àtìgbà yẹn ni mi ò ti lè fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀.

Tó bá délé, a lè fi oṣù mẹ́fà tú ẹyọ kan ṣoṣo, ká tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Eegun ṣeé kà, Màmá. Òrùka wà nínú ẹ̀ bí èyí tẹ́ ẹ máa ń rí lójú gẹdú tí wọ́n bá rẹ́. Ibi òrùka yẹn ni wọ́n ti mọ̀ pé Sue, T. rex ńlá (dáínósọ̀ ajẹran) tó wà ní Field Museum, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ní Chicago l'Amẹ́ríkà, ti lé lọ́mọ ọdún 25 nígbà tó kú. Ọdún 1990 ni wọ́n rí i, wọ́n sì tà á ní gbàǹjo ní 1997, owó ẹ̀ lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ dọ́là. Ẹ má fìyẹn tan bàbá ẹ̀ o, owó yẹn ò wọ àpò àwa tá à ń ṣèwádìí.

Ní ti ọmọ Áfíríkà, ẹ wo Niger tá a jọ pààlà. Ní ibi kan nínú aṣálẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Gadoufaoua, wọ́n rí Nigersaurus, dáínósọ̀ ajẹko tí eyín ẹnu ẹ̀ lé ní 500, ọ̀jọ̀gbọ́n Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Paul Sereno àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ ní 1999. Wọ́n rí ọ̀nì kan níbẹ̀ náà, Sarcosuchus. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń rí ọ̀nì l'Olúwo, ẹ fojú inú wo èyí tí orí ẹ̀ nìkan gùn tó èèyàn, tí gbogbo ara ẹ̀ gùn tó dáńfó méjì tó fìdí kanra. Níjíbítì, ọmọ ilẹ̀ wọn fúnra ẹ̀, Hesham Sallam, ní yunifásítì Mansoura, òun àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ ló wà nídìí Mansourasaurus tí wọ́n gbé jáde ní 2018. Ohun tó ń wù mí kó ṣẹlẹ̀ níbí nìyẹn.

Torí ilẹ̀ wa ò ṣófo. Dáínósọ̀ l'Ẹ́pẹ́? Rárá, wọ́n ti pa run láti bíi mílíọ̀nù ọdún 66 sẹ́yìn, yanrìn tá a kọ́lé lé l'Ẹ́pẹ́ sì kéré lọ́jọ́ orí sí wọn gan-an ni. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá dé Ewékorò níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta sìmẹ́ńtì, ìsàlẹ̀ òkun ni gbogbo ibẹ̀ nígbà kan, ìkarahun àti alákàn tó ti di òkúta ń bẹ nínú ẹ̀. Ní Sókótó, wọ́n rí Goronyosaurus, ẹranko òkun tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí awọ́nríwọ́n. Lápá ìlà oòrùn, wọ́n rí àbùùbùtán ayé àtijọ́ kan tí wọ́n sọ ní Pappocetus lugardi ní 1920, wọ́n fi Lugard sọ ọ́, London sì ni eegun ẹ̀ wà títí dòní. Ó máa ń dùn mí. Ẹranko wa, ilẹ̀ wa, kọ́mọ wa wá wọ ọkọ̀ òfuurufú kó tó lè fojú rí i.

Ẹ sọ fún Sodiq kó má fi baọ́lọ́jì àti kẹ́mísírì sílẹ̀, kó fi jiọ́gíráfì kún un, tó bá dé yunifásítì kó ka jiọ́lọ́jì tàbí súọ́lọ́jì. Ẹ wá fi èyí tu bàbá ẹ̀ nínú: nínú ẹ̀ka jiọ́lọ́jì, àwọn kan wà tó jẹ́ fọ́sìlì (ohun abẹ̀mí ayé àtijọ́ tó ti di òkúta) tíntìntín ni wọ́n ń kọ́, àwọn tí ojú lásán ò lè rí, iléeṣẹ́ epo sì ń wá wọn torí fọ́sìlì yẹn ló ń sọ ọjọ́ orí òkúta tí wọ́n ń gbẹ́ fún wọn. Tí tàwọn ẹranko eléegun ò bá tètè jẹ́, ọ̀nà ìjẹun ń bẹ níbẹ̀.

Kó tó dìgbà yẹn, ọjà yín ti tó o kọ́. Kó gbé orí àrọ̀ kan, kó sè é, kó yọ gbogbo ẹran ẹ̀, kó sá eegun ẹ̀, kó wá gbìyànjú àtitò ó padà. Ẹ̀gún apá àrọ̀ yẹn, èyí tó máa ń gún yín lọ́wọ́, tó bá rẹ́ ẹ nídìí tó fi sáńdípépà fá a, òrùka tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan wà nínú ẹ̀. Kó kà á. Kó kọ ọ́ sínú ìwé. Èmi alára, orí ẹja ni mo fi bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, a gbẹ́ sọkawé níbi tá a ti ń kọ́lé n'Ìkòròdú, a rí eegun ńlá kan, àwọn bíríkìlà ní dáínósọ̀ ni. Kí ni kí n ṣe? (Ọ̀dọ́mọkùnrin, Ìkòròdú)

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ó jọ eegun màlúù. Gbé e wò: tó bá fúyẹ́, tí ojú ọ̀bẹ alápatà wà lára ẹ̀, kò tíì pẹ́. Fọ́sìlì máa ń wúwo bí òkúta, tó o bá kàn án á dún bí àwo. Tó bá wúwo, má wulẹ̀ fọ̀ ọ́, fi bíírò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kó o ya fọ́tò ẹ̀, kọ bí kòtò yẹn ṣe jìn tó sílẹ̀, kó o gbé fọ́tò náà lọ sí ẹ̀ka jiọ́lọ́jì ní yunifásítì tó bá sún mọ́ ẹ. Tó bá wá jọ teèyàn, má fọwọ́ kàn án mọ́, ọlọ́pàá ni kó o kọ́kọ́ pè.