Ṣé owó tí mo ń fi ránṣẹ́ sílé lè dípò sàká?

Ìbéèrè: Àlùfáà wa, àsàlámù aláékùm. Ọmọ Òṣogbo ni mí, agboolé wa kò jìnnà sí Ọjà Ọba, ṣùgbọ́n ó ti pé ọdún 5 tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ní Birmingham, lórílẹ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ òru ni mo sì máa ń ṣe jù. Oṣooṣù ni mo ń fi owó ránṣẹ́ sí ìyá mi, tí ojú rẹ̀ kò jẹ́ kí ó lè re aró mọ́. Mo tún ń fi owó búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, kí ó bá mi kọ́lé sí Òkè-Baálẹ̀. Nígbà tí mo wálé ọdún Iléyá, ìpìlẹ̀ lásán ni mo bá, koríko sì ti bò ó. Ilé onílé ni ẹ̀gbọ́n mi ń ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Owó náà lé ní mílíọ̀nù 3 náírà. Inú bí mi, mo ka gbogbo oore tí mo ti ṣe fún wọn síta lójú ẹbí, láti ìgbà náà n kò sì fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni mọ́. Ǹjẹ́ mo lè ka èyí tí ẹ̀gbọ́n mi ná, àti èyí tí mo ti fún ìyá mi, sí sàká? Ṣé mo ti já okùn ẹbí ni?

Ìdáhùn: Wa aláékùm sàlámù, àbúrò mi nínú ẹ̀sìn. Ibi koríko tí ó bo ìpìlẹ̀ yẹn ni ọkàn mi dúró sí, nítorí mo mọ bí ènìyàn ṣe ń fi oorun du ara rẹ̀ kí ó tó rí irú owó bẹ́ẹ̀ kó jọ.

“Owó ilé” ni o ń pe gbogbo rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ojúṣe wà nínú rẹ̀, àmánà, ìyẹn ohun tí a fi sí ìkáwọ́ ẹni, wà nínú rẹ̀, sàráà, ìyẹn ìtọrẹ àtinúwá, sì lè wà níbẹ̀. Àníyàn, ìyẹn ohun tí a gbèrò lọ́kàn, ni ó ń ya sàká, ìtọrẹ tí ẹ̀sìn sọ di dandan, sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn yòókù, àníyàn náà sì gbọ́dọ̀ wà lọ́kàn nígbà tí owó ń kúrò lọ́wọ́ rẹ. Owó tí a ti ná tán kò ṣeé padà sọ ní sàká, nítorí Ànọ́bì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sọ pé àníyàn ni iṣẹ́ dá lé.

Èyí tí o fún ìyá rẹ kì í ṣe sàká, kò sì lè jẹ́ ẹ láéláé. Bí òbí bá ṣe aláìní tí ọmọ sì ní, bùkátà òbí ti di dandan lórí ọmọ, ẹnikẹ́ni kì í sì í fi sàká san ohun tí ó jẹ́ dandan lórí rẹ̀. Ìdí nìyí tí owó tí o dá dúró fi bà mí lẹ́rù ju owó tí ó sọnù lọ. Kí ni ìyá rẹ ṣe? Kùránì sọ nínú Súratul-An'ām, ẹsẹ 164, pé ẹlẹ́rù kan kò ní ru ẹrù ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Iléyá ni ìyá rẹ ti ń ru ẹrù ẹ̀gbọ́n rẹ.

Ní ti ẹ̀gbọ́n rẹ, àmánà ni owó náà, gbèsè ni ó sì di lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí ó ná an. Bí kò bá ní in, fún un lákòókò; bí o bá sì yọ̀ǹda rẹ̀ fún un, Súratul-Bakara, ẹsẹ 280, pe ìyẹn ní sàráà tí ó lóore fún ọ. Sàráà ni o, kì í ṣe sàká, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ ni kò gbà kí a pa gbèsè rẹ́ ní orúkọ sàká. Bí ó bá jẹ́ aláìní lóòótọ́, o lè fi sàká rẹ lé e lọ́wọ́, láìbá a dá májẹ̀mú pé kí ó fi san gbèsè rẹ. Sàká fúnra rẹ̀, ìdá kan nínú 40 ni, lórí owó tí ó bá tó iye wúrà gíráàmù 85 tí ó sì pé ọdún òṣùpá kan lọ́wọ́ rẹ.

Bí o kò bá fi owó ilé kíkọ́ sí ìkáwọ́ rẹ̀ mọ́, o kò já okùn ẹbí. San owó búlọ́ọ̀kù fún ẹni tí ó ń tà á gan-an, kí ẹ sì kọ àdéhùn sílẹ̀ níṣojú ẹlẹ́rìí. Ṣùgbọ́n máa kí i, ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Bí ọ̀rọ̀ gbèsè náà bá wúwo lẹ́nu rẹ, bẹ àgbà agboolé yín kan kí ó bá ọ sọ ọ́.

Ìrègún tí o ṣe lójú ẹbí ni kí o wá àforíjì fún. Ẹsẹ 264 nínú Súratul-Bakara ní kí a má ṣe fi ìrègún àti ìnira ba sàráà wa jẹ́. Má sì rò pé ẹ̀sìn ní kí o ná ara rẹ tán: Súratul-Isrā', ẹsẹ 29, kọ̀ fún wa láti di ọwọ́ mọ́ ọrùn, ó sì kọ̀ kí a tẹ́ ẹ sílẹ̀ tán pátápátá. Mú iye tí agbára rẹ ká fún ìyá rẹ, kí o sì dúró lé e lórí lóṣooṣù. Fi ti oṣù yìí ránṣẹ́ kí o tó wọ iṣẹ́ òru lónìí, kí o sì pè é fúnra rẹ, kí ó gbọ́ ohùn rẹ.

Ọlọ́hun ni Ó mọ̀ jù.