Ẹja àrọ̀ oko àti ti odò Wémè: ibi tí iṣẹ́ ADN ti ń bàjẹ́

Àbúrò, o ní microsatellite (ibi tí lẹ́tà díẹ̀ ti ń tún ara wọn sọ nínú ADN, àkọsílẹ̀ àjogúnbá inú ara) ni kí o lò ni àbí SNP (ibi tí lẹ́tà kan ṣoṣo ti yàtọ̀), láti mọ bí àrọ̀ inú adágún oko ní Kétu ṣe yàtọ̀ sí ti odò Wémè ní Benin. Microsatellite 10 sí 15 tó ọ. Èyí tí wọ́n ṣe fún àrọ̀ ti wà nílẹ̀ tipẹ́, má wá tuntun. Kì í ṣe ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́.

Inú ìgò ló ti ń bàjẹ́. Lẹbẹ tí o bá gé kò gbọdọ̀ ju èékánná ìka kékeré lọ. Álíkóólù ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún ni kí o rì í sí, kó tó ìlọ́po mẹ́wàá ẹran náà. Lọ́jọ́ kejì, dà á nù kí o bu tuntun sí i, torí omi ara ẹja ti là á. Sódàbì (ògógóró) kò lè ṣe é. Àní 70 ti fáámásì, omi rẹ̀ ti pọ̀ jù fún ooru ilẹ̀ wa: ADN á já wẹ́wẹ́, oríṣi (ẹ̀dà tí òbí fún ọmọ ní ibi kan nínú ADN) tó gùn kò ní jáde mọ́, ẹja tó gba oríṣi méjì lọ́wọ́ òbí á wá dà bí ẹni tó ní ẹyọ kan. Formol (oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú) ló burú jù, ṣe ló ń so ADN mọ́ purotéènì. Síbẹ̀ àwọn ọ̀gá kan ṣì ń kó ìgò formol lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, pé bẹ́ẹ̀ làwọn ti ń ṣe é. Mo ti jìyà rẹ̀, inú ṣì ń bí mi. Pẹ́ńsù ni kí o fi kọ nọ́ńbà sórí bébà pélébé, kí o kì í sínú ìgò pẹ̀lú lẹbẹ. Bí ìgò kan bá jò, álíkóólù á fọ gbogbo ohun tí o fi bírò kọ.

Má ṣe bu ọgbọ̀n ọmọ ẹja nínú adágún kan kí o pè é ní ẹja oko. Wọ́n lè jẹ́ ọmọ ìyá ọmọ bàbá, kọ̀ǹpútà á sì ní wọ́n yàtọ̀ gedegbe sí ti odò, bẹ́ẹ̀ ìdílé kan ṣoṣo lo wọ̀n. Àwọn òbí ẹja gan-an ni kí o gé lẹbẹ wọn, 30 ó kéré tán, láti oko mélòó kan. Béèrè iye akọ. Pípa là ń pa akọ àrọ̀ ká tó rí àtọ̀ rẹ̀, ìdí nìyẹn tí olóko fi ń da àtọ̀ akọ 2 sórí ẹyin abo 20. Ṣírò rẹ̀, 4 × akọ × abo, pín in sí àpapọ̀ wọn: 4 × 2 × 20, pín in sí 22, ó lé díẹ̀ ní 7. Ẹja 22 lo rí, agbára ẹja 7 péré ni wọ́n ní láti pa ìyàtọ̀ inú ADN mọ́, bí ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún ìyàtọ̀ náà á sì máa ṣòfò ní ìran kan.

Ti odò náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, omi Wémè máa ń bo adágún àti wédò (kòtò ẹja tí wọ́n gbẹ́ sí ilẹ̀ àkúnya odò), ẹja oko á bọ́ sódò. Má gbára lé èyí tí apẹja mú nítòsí oko. Gòkè odò lọ sápá Ṣábẹ̀ẹ́ kí o mú díẹ̀ kún un.

Bí o bá fura pé wọ́n ti fi Heterobranchus longifilis (ẹja mìíràn tó jọ àrọ̀) lú u, ADN mitochondria (èyí tó wà lọ́tọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì) nìkan kò ní tú àṣírí. Ìyá ló ń fún ọmọ ní i, torí náà ọmọ tí ìyá rẹ̀ jẹ́ àrọ̀ á jáde bí ojúlówó àrọ̀.

Ní lábù, ẹja 3 kan náà gbọ́dọ̀ wà nínú gbogbo àwo tí wọ́n bá kà. Àwọn ni a ó fi mú àwo bára mu, torí ẹ̀rọ kan á ka gígùn 154, òmíràn á ka 156 fún oríṣi kan náà. Bí wọ́n bá ní kò pọn dandan, má sanwó. Kí o sì gba àwòrán tí ẹ̀rọ yà fún ẹja kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe tábìlì nọ́ńbà nìkan.