Omi Fẹ́búárì ni kẹ́ ẹ fi ṣírò, kì í ṣe ti Ọ̀kítóbà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tẹ́ ẹ bèèrè bóyá Odò Ògùn á lè bomi rin oko ẹ̀fọ́ éékà 40 yín fún ọdún mẹ́wàá tó ń bọ̀. Ẹ ní ẹ lọ wò ó, ẹ ní omi pọ̀ gan-an. Oṣù wo lẹ lọ? Torí ibẹ̀ gan-an lèmi ti ṣubú.

Ọ̀kítóbà lèmi náà lọ wo tèmi, nísàlẹ̀ Abẹ́òkúta lọ́nà Mókólókí, omi kún dé ẹnu bèbè, mo wá ra pọ́ǹpù kan pẹ̀lú họ́ọ̀sì tó kàn tó ibi tí omi wà lọ́jọ́ yẹn, mo gbin tòmátò sí éékà méjì. Nígbà tó fi máa di Fẹ́búárì omi ti sá kúrò létí bèbè, ó ku tín-ín-rín láàárín yanrìn, họ́ọ̀sì ò dé ibẹ̀ mọ́, kí n tó rí òmíì yá tòmátò ti gbẹ lójú mi. Owó àjọ tíyàwó mi dá lódidi ọdún kan wà níbẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí.

Látìgbà yẹn ni mo ti ri ọ̀pá irin mọ́lẹ̀ sínú odò, mo fi ọ̀dà sàmì sí i, gbogbo Sátidé ni mo ń kọ ibi tómi dé sínú ìwé. Ọdún mẹ́fà rèé. Ọdún tómi kéré jù nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni mo fi ń ṣètò báyìí, torí ọdún burúkú kan ṣoṣo ti tó kó èèyàn sí gbèsè ọdún mẹ́ta.

Ewébẹ̀ lójú oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn máa ń mu bíi mìlímítà 5 lójúmọ́ (ìyẹn omi tó jìn tó mìlímítà 5 tẹ́ ẹ bá tẹ́ ẹ sórí gbogbo ilẹ̀ oko), éékà kan á mu bíi 20,000 lítà, tiyín ti di 800,000 lítà lójoojúmọ́ nìyẹn, a ò tíì ka èyí tó máa jò dànù lọ́nà o.

Ẹ sì ka àwọn ẹlòmíì mọ́ ọn. Àwa mẹ́ta péré là ń fa omi nígbà tí mo dé, a ti di 17, àwọn tó ń wa yanrìn náà ti dé, wọ́n wa ìsàlẹ̀ odò débi pé omi túbọ̀ lọ sílẹ̀. Abẹ́òkúta ń mu nínú ẹ̀, Èkó ń mu nínú ẹ̀, iléeṣẹ́ omi Ìjú ti wà láti 1910, Adíyàn tún tẹ̀lé e, èèyàn sì ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́. Tómi bá wọ́n, omi mímu ló máa ṣáájú oko, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀.

Dáàmù Ọyán tó wà lórí odò tó ń ṣàn wọ Odò Ògùn, tí wọ́n ṣí ní 1983, tó ń gba 270 mílíọ̀nù kúbíìkì mítà, òun ló ń gbà wá lẹ́ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n tó bá kún ní Sẹ̀tẹ́ńbà sí Ọ̀kítóbà wọ́n á tú omi sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àgbàdo mi ṣe bómi lọ lọ́dún kejì. Ẹ má kọ́lé pọ́ǹpù sétí bèbè rárá.

Tó bá jẹ́ èmi ni, éékà 15 ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ ri ọ̀pá tiyín mọ́lẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, tó bá di Fẹ́búárì ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ bá rí síbí, ká jọ ṣírò ẹ̀.