Ẹ tún lẹ́tà yẹn kà kí ẹ tó kọ fọ́ọ̀mù míì

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Bí ọ̀rọ̀ yín ṣe yé mi nìyí: máàkì kírẹ́díìtì yín, ìyẹn nọ́ńbà tí báńkì fi ń wo bí èèyàn ṣe ń san gbèsè, jẹ́ 721 lórí fóònù, ẹ ò san gbèsè pẹ́ rí, owó ń wọlé dáadáa, síbẹ̀ báńkì kan ní Amẹ́ríkà níbí ní àwọn ò fún yín ní káàdì àwìn (credit card). Lẹ́tà wọn ka ìdí mẹ́ta: gbèsè orí káàdì yín pọ̀ jù tí wọ́n bá fi wé iye tí wọ́n ní kí ẹ lè ná, àkọsílẹ̀ bí ẹ ṣe ń gba àwìn tí ẹ sì ń san án kò tíì pẹ́, ẹ sì ti béèrè àwìn níbi púpọ̀ láìpẹ́ yìí. Ẹ wá ń béèrè ohun méjì: ṣé torí orúkọ yín ni, àti ṣé kí ẹ gba báńkì míì lọ lálẹ́ òní?

Ti alẹ́ òní ni n ó kọ́kọ́ dáhùn. Ẹ má lọ. Mo ti lọ rí, ọdún kan àtààbọ̀ ló sì gbà mí kí n tó rí ojú ọ̀nà padà.

Ọdún kejì tí mo dé Amẹ́ríkà ni. Káàdì kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ mi, irú èyí tí èèyàn máa ń fi owó ara rẹ̀ dúró fún, tí wọ́n ń pè ní secured card. Mo kó 500 dọ́là fún wọn, àwọn náà ní kí n máa ná tó 500. Mò ń ná an, mò ń san gbogbo rẹ̀ lóṣooṣù, kọ́bọ̀ èlé kan wọn ò rí gbà lọ́wọ́ mi. Mo rò pé mo ti di ọmọlúàbí lójú gbogbo báńkì ilẹ̀ náà. Mo wá béèrè káàdì gidi, wọ́n kọ̀ mí kí n tó gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Inú bí mi débi pé mo kọ fọ́ọ̀mù sí báńkì kejì lọ́jọ́ náà gan-an. Wọ́n kọ̀ mí. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, mo ti dé ọ̀dọ̀ ìkẹta àti ìkẹrin. Nígbà tí lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í dé, mo ṣí méjì, mo wò wọ́n fìrí, mo ju méjì tó kù sínú dúrọ́ọ̀ láì ṣí wọn. Kí ni mo fẹ́ kà níbẹ̀? Ṣebí wọ́n ti ní àwọn ò fún mi.

Fọ́ọ̀mù mẹ́rin yẹn dùn mí, àmọ́ lẹ́tà méjì tí mi ò ṣí yẹn ló pa mí lára jù.

Àánú kọ́ ló mú kí báńkì kọ lẹ́tà sí yín, òfin ni. Òfin ọdún 1974 kan wà tó ń jẹ́ Equal Credit Opportunity Act. Ó ní kí báńkì fèsì láàárín 30 ọjọ́ tí ìbéèrè yín bá ti pé sọ́wọ́ wọn. Tí wọ́n bá kọ̀, kí wọ́n sọ ìdí pàtó, tàbí kí wọ́n jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìdí náà láàárín 60 ọjọ́. Kí wọ́n kàn ní “ẹ ò bá ìlànà wa mu” kò tó. Òfin kejì, Fair Credit Reporting Act ti 1970, ní tiẹ̀ ní kí wọ́n dárúkọ ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti lọ wo àkọsílẹ̀ yín, ìyẹn Equifax, Experian tàbí TransUnion, kí wọ́n sì kọ máàkì tí àwọn fúnra wọn rí síbẹ̀, tó bá jẹ́ pé wọ́n lo máàkì. Ẹ ní 60 ọjọ́ láti gba ẹ̀dà àkọsílẹ̀ náà lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí wọ́n dárúkọ.

Nítorí náà, ẹ wá máàkì yẹn nínú lẹ́tà, nísàlẹ̀ tàbí lójú ìwé kejì, níbi tí lẹ́tà kéékèèké pọ̀ sí. Mo lè fi nǹkan lélẹ̀ pé kò ní jẹ́ 721. Áàpù tèmi ń sọ 702 nígbà yẹn. 641 ló wà nínú lẹ́tà. Mo ní irọ́ ni wọ́n ń pa. Wọn ò purọ́. Oríṣi ìṣirò máàkì méjì ló wà níbẹ̀: ọ̀pọ̀ áàpù ọ̀fẹ́, VantageScore ni wọ́n ń fi hàn wá, nígbà tó jẹ́ pé FICO ni ọ̀pọ̀ báńkì ń lò. Àwọn méjèèjì ń lọ láti 300 dé 850, ìdí nìyẹn tí a fi ń rò pé ohun kan náà ni. Ó sì lè jẹ́ pé áàpù yín ń wo TransUnion, kí báńkì lọ wo Experian, bẹ́ẹ̀ ohun tó wà nínú ìwé ilé-iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í fi gbogbo ìgbà dọ́gba.

Ẹ jẹ́ ká wá mú ìdí àkọ́kọ́, torí òun ló bá tèmi mu wẹ́kú, òun náà ló sì rọrùn jù láti tún ṣe. Ẹ ní ẹ ń san gbogbo gbèsè yín lóṣooṣù, báwo ni wọ́n ṣe ní ó pọ̀ jù? Ìbéèrè tí mo béèrè náà nìyẹn, tìbínú-tìbínú. Ìgbà tí mo gba àkọsílẹ̀ mi ni mo rí i: gbèǹdéke 500, gbèsè 455. Ìdá 91 nínú ọgọ́rùn-ún! Mo lọ yọ àwọn bílì mi jáde, mo tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ọjọ́ 12 oṣù ni wọ́n máa ń pa ìṣirò oṣù dé. Ọjọ́ 13 ni mo máa ń san án, torí mi ò fẹ́ kí gbèsè sùn sí mi lọ́rùn. Ṣùgbọ́n iye tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ 12 ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ṣe àkọsílẹ̀. Ọjọ́ kan péré! Lójoojúmọ́ ayé, lójú wọn, mo dà bí ẹni tí gbèsè ti bò dé ọrùn.

Láti oṣù náà lọ, ọjọ́ 9 ni mo ń san án, mo ń fi bí 20 dọ́là sílẹ̀ kí bílì lè jáde. 20 nínú 500, ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Kò tó oṣù méjì tí máàkì fi gbéra. Nínú FICO, ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n fún ọ̀rọ̀ gbèsè tó wà nílẹ̀. Sísan lásìkò nìkan ló jù ú lọ, ìdá 35 ni ti ìyẹn. Ohun tó dáa níbẹ̀ ni pé nínú ọ̀pọ̀ máàkì tí báńkì ń lò, ti oṣù tó kọjá kì í lẹ̀ mọ́ èèyàn: tí iye náà bá ti wálẹ̀, ó ti wálẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà ẹ wo ojú bílì yín, ẹ wá ọjọ́ tí ìṣirò ń parí, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n ní kí ẹ san owó.

Ti ọjọ́ orí àkọsílẹ̀, kò sí oògùn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa dàgbà, ẹ má sì pa káàdì yín àtijọ́ tì torí pé tuntun fẹ́ dé. Tí ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n tó fọkàn tán yín, tó ní káàdì tó ti pẹ́, tó sì ń san gbèsè rẹ̀ dáadáa, ó lè fi orúkọ yín kún un, kí ọjọ́ orí káàdì náà lè hàn nínú àkọsílẹ̀ yín. Tí kò bá fẹ́, ẹ má bínú sí i. Èmi náà ò jẹ́ ṣe é fún gbogbo èèyàn.

Ti ìdí kẹta, ìgbàkígbà tí ẹ bá kọ fọ́ọ̀mù káàdì, báńkì á yọjú wo àkọsílẹ̀ yín, àpá ìyọjú náà á sì wà níbẹ̀ fún ọdún 2, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti oṣù 12 tó ṣẹ́yìn nìkan ni FICO ń kà. Àwọn tó ń wá owó ilé tàbí ti mọ́tò, tí wọ́n bá lọ sí ibi márùn-ún láàárín ọjọ́ mélòó kan, FICO á kà á sí ẹ̀ẹ̀kan. Ti káàdì kò rí bẹ́ẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kà. Mẹ́rin tèmi yẹn, mẹ́rin ni wọ́n kà á. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá báńkì kan á gbà yín, ẹ lo àyẹ̀wò ṣáájú tí ọ̀pọ̀ wọn ní lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìyẹn kì í fi àpá sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí ẹ bá wo àkọsílẹ̀ ara yín.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ orúkọ. Òfin 1974 yẹn ka ẹ̀yà, àwọ̀, ẹ̀sìn àti ilẹ̀ tí èèyàn ti wá léèwọ̀ nínú ìpinnu báńkì, kò sì sí ibì kankan tí orúkọ ti wọ inú ìṣirò FICO. Mi ò ní búra pé ojúsàájú kò sí láyé. Ṣùgbọ́n ìdí mẹ́ta tí wọ́n kọ fún yín ṣeé yẹ̀ wò lónìí. Síbẹ̀, orúkọ lè dá wàhálà sílẹ̀ lọ́nà míì, ohun tó sì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi nìyẹn.

Ó lé ní oṣù mẹ́jọ kí n tó ṣí àwọn lẹ́tà yẹn. Ìwé mọ́tò ni mò ń wá. Mo ti tún gbèsè ṣe, mo rò pé ó parí, mo sì ti ń múra láti tún káàdì béèrè. Mo ya èyí àkọ́kọ́, ohun kan náà. Mo ya ìkejì: ilé-iṣẹ́ àkọsílẹ̀ míì ni wọ́n dárúkọ, ìdí tó sì wà lókè pátápátá ni pé mo jẹ gbèsè tí mi ò san fún ìgbà pípẹ́. Èmi kẹ̀? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

60 ọjọ́ ti kọjá, àmọ́ AnnualCreditReport.com ṣì wà, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè gba ti ilé-iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo gbà á. Ojú ìwé àkọ́kọ́: orúkọ mi, àti nísàlẹ̀ rẹ̀, orúkọ mi lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú orúkọ àárín tí wọn ò sọ mí rí. Àdírẹ́sì mẹ́ta, méjì nínú wọn ní ìpínlẹ̀ tí ẹsẹ̀ mi kò tẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà, gbèsè mọ́tò tí ẹnì kan pa tì. Ọmọ Yorùbá bíi tèmi ni, orúkọ wa bára mu, wọ́n sì da ìwé àwa méjèèjì pọ̀.

Mo kọ́kọ́ jà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo tẹ ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé gbèsè yìí kì í ṣe tèmi. Wọ́n ní 30 ọjọ́ lábẹ́ òfin láti wádìí. Ìdáhùn wọn ni pé àwọn ti wádìí, òótọ́ ni. Òótọ́ ni lóòótọ́, ẹnì kan jẹ ẹ́! Ìbéèrè mi ni kò tọ̀nà. Lẹ́ẹ̀kejì, mo fi lẹ́tà ránṣẹ́ nílé ìfìwéránṣẹ́, èyí tí wọ́n máa ń buwọ́ lù tó bá dé. Mo kọ ọ́ ní gbólóhùn àkọ́kọ́ pé ẹni méjì ni wá, ẹ ti dà wá pọ̀. Mo fa ìlà sábẹ́ orúkọ àárín yẹn àti àdírẹ́sì méjèèjì, mo fi ẹ̀dà ìwé ìdánimọ̀ mi àti bílì iná sí i. Mo tún kọ irú rẹ̀ sí ilé-iṣẹ́ tó yá ẹni yẹn lówó mọ́tò. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n yọ ọ́.

Ohun kan ṣì kù tí ẹ lè ṣe. Ẹ lè pe báńkì tó kọ̀ yín, kí ẹ ní kí wọ́n tún un wò. Kò sí òfin tó ní kí wọ́n gbà, àmọ́ èèyàn ló máa dá yín lóhùn, kì í ṣe ẹ̀rọ. Nígbà tí wọ́n kọ ìyàwó mi, ó pè wọ́n. Obìnrin tó gbé fóònù ní, “Ìyá, a ò rí àkọsílẹ̀ yín wò, ẹ ti tì í pa.” Ìyàwó mi ti gbàgbé pé òun ti tì í nígbà kan tí wọ́n jí ìsọfúnni àwọn èèyàn. Ó ṣí i lórí fóònù, ọ̀fẹ́ ni látọdún 2018, wọn ò sì gbọ́dọ̀ ju wákàtí kan lọ kí wọ́n tó ṣí i. Ó tún wọn pè, wọ́n fún un. Ọ̀rẹ́ mi kan ní tiẹ̀, owó oṣù rẹ̀ ló kọ síbi tí wọ́n ti béèrè ti ọdún. 3,800 dọ́là fún ọdún gbáko! Fóònù ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló tún ìyẹn ṣe.

Tiyín, ẹ kọ́kọ́ mú gbèsè orí káàdì wálẹ̀ kí ìṣirò tó parí, kí ẹ lè ní ohun tí ẹ máa sọ fún wọn lórí fóònù. Lálẹ́ òní, dípò fọ́ọ̀mù, ẹ gba àkọsílẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tí ẹ bá ṣí wọn, ẹ má tíì wo owó kankan. Ojú ìwé àkọ́kọ́ ni kí ẹ wò, níbi tí orúkọ àti àdírẹ́sì wà, kí ẹ sì kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.