Ìgbésẹ̀ fún ìdánwò orí yìnyín: ohun tí ìfìdírẹmi ẹ̀ẹ̀mejì kọ́ mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi bàtà onírin yọ̀ lórí yìnyín (figure skating), tí ẹ ń múra ìdánwò ìgbésẹ̀, ẹ ní bí kóòṣì bá ń pe ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan fún yín, ẹ ń ṣe é láìṣìnà, àmọ́ tó bá ti dákẹ́, tó ní kí ẹ ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, orí yín á ṣófo láàárín ọ̀nà. Mo mọ ibẹ̀ dáadáa. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò kan náà. Mo ti lé ní ẹni 40 ọdún nígbà náà, àwọn ọmọ tí wọn ò ga tó èjìká mi sì ń yege níṣojú mi.

Èmi náà kọ́kọ́ rò pé ìgbàgbé ni. Mo kọ orúkọ àwọn ìgbésẹ̀ náà sínú ìwé, mo ń kà á kiri bí ọmọ iléèwé. Orí mi mọ̀ ọ́n, ẹsẹ̀ mi ò mọ̀ ọ́n. Ibi tí mo ti ń dúró kì í sì í yí padà: lẹ́yìn bracket (irú yíyí kan lórí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo) ti ẹsẹ̀ òsì, lójoojúmọ́. Tó bá jẹ́ pé ìgbàgbé ni lóòótọ́, ṣé ojú kan ṣoṣo ni n ó ti máa gbàgbé?

Kóòṣì mi ló ní kí n dúró, kí n padà lọ wo ojú yìnyín. Irin abẹ́ bàtà wa ní etí méjì, etí òde àti etí inú, wọ́n sì gbẹ́ àárín wọn wọnú díẹ̀. Tí ẹ bá wà lórí etí kan, ìlà kan ṣoṣo lẹ máa fi sílẹ̀. Tí ẹ bá dúró lórí méjèèjì pọ̀, ìlà méjì tín-ín-rín lẹ máa rí, wọ́n á jọ máa lọ bí ojú irin rélùwéè. Three-turn, tóun náà jẹ́ yíyí lórí ẹsẹ̀ kan, máa ń fi ṣóńṣó kan sílẹ̀ tó kọjú sí inú òbìrí tí ẹsẹ̀ ń yà. Ti bracket máa ń kọjú síta.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wo tèmi. Ìlà kan ṣoṣo ló wọ inú bracket náà, ó mọ́ tónítóní. Ṣóńṣó náà wà níbẹ̀, kò burú. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá di ìlà méjì, tó fi wá di yìnyín tí mo họ kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Ọ̀rọ̀ náà yé mi níbẹ̀. Ìgbésẹ̀ tó tẹ̀ lé e fẹ́ kí n ti ara mi kúrò lórí etí inú, mi ò sì sí lórí etí kankan, torí náà ẹsẹ̀ dúró, kò rí ohun tó máa fi ti ara. Orí rí i pé ẹsẹ̀ ti dúró, ló bá gba ẹ̀bi, ó ní òun ti gbàgbé.

Láti ọjọ́ yẹn, mi ò kọ́ ìgbésẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́. Bí mo ṣe jáde nínú ọ̀kan àti bí mo ṣe wọ inú èkejì ni mo ń kọ́ pọ̀, bíi pé nǹkan kan ṣoṣo ni wọ́n. Ẹ̀yìn ni mo sì ti bẹ̀rẹ̀: ìgbésẹ̀ mẹ́ta tó kẹ́yìn ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí n tó fi èyí tó ṣáájú wọn kún un. Bẹ́ẹ̀, ibi tó dá mi lójú ni mò ń bọ̀ wá bá nígbàkígbà. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ láti iwájú lójoojúmọ́ á mọ ìbẹ̀rẹ̀ bí ẹní mowó, òpin á sì máa jẹ́ àjèjì sí i.

Èjìká ló ń lé mi kúrò lórí etí. Ó yẹ kó ṣáájú ara lọ kí n tó yí, kó sì dúró ní kété tí mo bá yí tán. Tèmi kì í dúró, ìbàdí á sì tẹ̀ lé e. Ilé ni mo ti tún ìyẹn ṣe, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ: ẹsẹ̀ ò lè yọ̀ níbẹ̀ bíi ti orí yìnyín, àmọ́ èjìká lè kọ́ bó ṣe máa dúró. Orúnkún ńkọ́? Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ dìde bí ẹ bá ń yí, ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Gbogbo kóòṣì ló máa sọ ìyẹn fún yín.

Kò sí orin nínú ìdánwò tèmi, torí náà ẹnu mi ni mo fi ń lu ìlù fún ara mi. Yíyọ̀ lọ gbọọrọ lórí etí irin ni “yììì”, yíyí ni “kíjá”, títi ara ni “gbà”. Yììì, kíjá, gbà, yììì. Àwọn tó wà nítòsí rò pé nǹkan ń ṣe mí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rò bẹ́ẹ̀.

Ìfìdírẹmi kejì yàtọ̀. Ibi tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ jẹ́ mítà 26 ní ìbú, ibi ìdánwò sì jẹ́ mítà 30. Èmi ti so counter mi (irú yíyí mìíràn lórí ẹsẹ̀ kan) mọ́ ìlà búlúù tí àwọn tó ń gbá họ́kì ń lò, mo ń wá a kiri, òbìrí mi sì kéré sí ibi tó fẹ̀ yẹn. Nínú adájọ́ mẹ́ta, ẹnì kan ṣoṣo ló fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, mò ń bẹ̀rẹ̀ láti igun èyíkéyìí, mi ò sì wo ìlà kankan mọ́.

Àwọn kan á sọ fún yín pé kí ẹ máa ṣe odindi rẹ̀ lẹ́ẹ̀ogún lóòjọ́. Èmi ò gbà. Àṣìṣe yín lẹ ó máa fi ogún ìgbà kọ́. Odindi ẹ̀ẹ̀mẹta ti tó, ẹ lo àkókò tó kù fún ibi tó ń dà yín láàmú. Ọ̀sẹ̀ kan tí mo fi ya òbìrí méjì tó so pọ̀ bíi nọ́ńbà 8, irú èyí tí wọ́n yọ kúrò nínú ìdíje àgbáyé lẹ́yìn 1990, ṣe mí lóore ju oṣù kan àṣetúnṣe lọ.

Ní ìdánwò kẹta, mo kọsẹ̀ níbi three-turn tó rọrùn jù lọ. Ẹsẹ̀ ń bá tiẹ̀ lọ kí n tó mọ̀ pé mo ti kọsẹ̀, àwọn adájọ́ sì jẹ́ kí n yege.

Tí ẹ bá fẹ́ wo ìlà yín, ẹ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa wọlé lẹ́yìn tí ọkọ̀ tó ń tún yìnyín ṣe bá jáde. Tí èèyàn mẹ́wàá bá ti gba ibẹ̀ kọjá, ẹ ò ní mọ tiyín yàtọ̀ sí tiwọn.