Aláìsàn ní ara òun ti balẹ̀: ṣé ká dín ìṣọ́ rẹ̀ kù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Nọ́ọ̀sì ni mí, oṣù kẹta mi rèé ní wọ́ọ̀dù àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ. A gba ọkùnrin kan tó ti gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ rí. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi kọjú sí ògiri. Láàárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, ó dìde, ó wẹ̀, ó ń bá gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Máàkì rẹ̀ lórí fọ́ọ̀mù tá a fi ń díwọ̀n bó ṣe ṣeé ṣe tó pé kí èèyàn pa ara rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ṣé a lè dín ìṣọ́ rẹ̀ kù? Ẹ̀rù ń bà mí láti bi í ní tààrà, kí n má lọ fi èrò náà sí i lọ́kàn.

Ìdáhùn: Ẹ má tíì dín in kù. Ó lè jẹ́ pé ara rẹ̀ ń yá lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó ti pinnu láti kú náà lè balẹ̀ lójijì báyìí. Okun ara sì lè padà kí ìbànújẹ́ tó lọ: ẹni tí kò lè dìde lánàá ti wá lágbára láti ṣe ohun tó ń rò.

Ti ẹ̀rù yẹn, ẹ fọkàn balẹ̀. Bíbéèrè kì í fi èrò náà síni lọ́kàn. Ọ̀pọ̀ aláìsàn ló ti ń retí ẹni tó máa béèrè. Ẹ fa àga, ẹ jókòó tì í; ẹ má dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fáìlì lọ́wọ́. “Mo rí i pé ara yín yàtọ̀ lónìí. Kí ló yí padà?” Ẹ dákẹ́, kó dáhùn. Lẹ́yìn náà: “Ṣé èrò láti pa ara yín ṣì ń wá?” Tó bá ní ó ń wá, ẹ béèrè bó ṣe ń wá léraléra tó, bóyá ó ti mọ bó ṣe fẹ́ ṣe é, bóyá ohùn kan ń pàṣẹ fún un, àti ohun tó dá a dúró títí di ìsinsìnyí. Ẹ má sọ pé “Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́.” Ẹni tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ fún kò ní sọ ọ́ mọ́ lóòótọ́.

Máàkì kò lè sọ ẹni tó máa kú. NICE, tó ń kọ ìlànà ìtọ́jú ní England, sọ ọ́ gbangba lọ́dún 2022 pé kí wọ́n má ṣe fi irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ sọ àsọtẹ́lẹ̀. Ìwé àdéhùn pé “mi ò ní pa ara mi” náà kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni.

Ní ti ìṣọ́: tó bá jẹ́ ìṣẹ́jú 15-15 lẹ̀ ń wò ó, ẹ má jẹ́ kó rí bí aago, torí aláìsàn ń ka ẹsẹ̀ yín. Ẹni tí wọ́n ní kó wà lábẹ́ ojú nígbà gbogbo, dé balùwẹ̀ ni. Mo ti rí fọ́ọ̀mù ìṣọ́ tí wọ́n sàmì sí títí dé aago mẹ́fà nígbà tí aago márùn-ún kò tíì lù! Ẹni tó ń ṣọ́ kó gbé fóònù sílẹ̀, kó bá a sọ̀rọ̀. Ìtọ́jú ni ìṣọ́, kì í ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo kì í dín in kù. Ẹ̀yin àti dókítà lẹ máa jọ pinnu, díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti bá a sọ̀rọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àmọ́ tí ara bá fu yín lóru, ẹ fi kún ìṣọ́ náà ná, kẹ́ ẹ tó pe dókítà.

Ewu kì í parí sí wọ́ọ̀dù. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ téèyàn padà sílé burú púpọ̀, torí náà ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá a kọ ètò ààbò rẹ̀ láti ìsinsìnyí: àmì tó fi ń mọ̀ pé èrò náà ń bọ̀, ohun tó máa ń rọ̀ ọ́ lọ́kàn, ẹni tó lè pè. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ.

Tẹ́ ẹ bá sì ń fa iṣẹ́ lé àwọn alẹ́ lọ́wọ́ lónìí, ẹ má kọ “ara rẹ̀ balẹ̀” nìkan. Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ bi í, ohun tó fi dáhùn, àti bó ṣe ń wojú yín nígbà tó ń dáhùn.