Èsì: Ìdí tí àwòrán fi ń kúrò lára ògiri kí ìpàtẹ tó parí

Ẹ kú ìbéèrè tí ẹ bi wá, pé kí ló dé tí àwòrán kan fi ń kúrò lára ògiri nígbà tí ìpàtẹ ò tíì parí. Ìmọ́lẹ̀ ló ń mú kí wọ́n tètè ká àwòrán àwọn ará Japan kúrò ní mùsíọ́mù Tokyo, tí ti Yúróòpù sì ń dúró. Àwọ̀ tó wà lórí sílíìkì tàbí bébà máa ń tètè ṣá. Ọ̀dà olóròóró orí kánfáàsì lágbára jù ú lọ dáadáa. Nítorí náà, iná ibi tí wọ́n pàtẹ wọn sí kì í sábà ju 50 lux (ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀) lọ, wọ́n sì máa ń pín ìpàtẹ sí méjì kí wọ́n lè pààrọ̀ àwòrán láàárín: zenki ni ìdajì àkọ́kọ́, koki ni ìkejì. Seisei Ruten, àwòrán tí Yokoyama Taikan, ayàwòrán ará Japan, yà sórí sílíìkì tó gùn tó mítà 40 (1923), kì í wà ní ìpàtẹ nígbà gbogbo.

Ẹ wo àtòkọ iṣẹ́ ọnà lórí ìkànnì mùsíọ́mù náà kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ lọ́jọ́ Ajé. Ọ̀pọ̀ mùsíọ́mù ibẹ̀ ló máa ń tì lọ́jọ́ náà. Bí Ajé bá bọ́ sí ọjọ́ ìsinmi, ọjọ́ kejì ni wọ́n sábà máa ń tì.